Orúkọ Tí Ọkọ Mi Yọ Kúrò Nínú Orin

Bùọ̀dá olóòtú, mo kí yín láti Esie. Àgbẹ̀ ni ọkọ mi, ó sì ń fi gìtá kọrin. Nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ nílùú, ó ṣe orin kan fún mi, orúkọ mi ló fi parí rẹ̀. Tí wọ́n bá pè é wá kọrin níbi ìgbéyàwó, orúkọ ìyàwó tuntun ló ń fi rọ́pò tèmi. Mi ò bínú, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú àwo tó fúnra rẹ̀ ṣe nígbà ọ̀wọ́n yìí, gìtá nìkan ló dún níbi orúkọ mi. Ó ní kí kálukú lè pe ìyàwó tirẹ̀. Tí ẹ bá lò ó lórí rédíò yín, tó dé ibẹ̀, á wò mí, á rẹ́rìn-ín. Ṣé kí n bẹ̀ ẹ́ kó pè mí nínú àwo tó ń bọ̀, àbí ẹ̀rín yẹn tó? Mi ò kọ orúkọ mi síbí. Ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ ọ.