Akèrègbè Yín Ti Lọ Kọrin

Bàbá Ṣóyẹmí,

Ẹ kú àbọ̀ oko o. Ẹ má wá akèrègbè bàbá yín, èyí tí ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Èmi ni mo gbé e.

Ẹ̀yin lẹ fà á. Mo tú owó ẹyọ ara ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mi kí n lè tún un sín. Ẹ rí i níhòòhò, ẹ ṣe bí agbè lásán ni, ẹ rọ ẹmu sí i! Bí mo ṣe dorí rẹ̀ kodò láàárọ̀ yìí, ẹmu bò mí láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ìyá yín rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Gbogbo àdúgbò Ìpẹru ló ń gbé orin jáde lọ́sẹ̀ yìí, òní ló sì kan tiwa. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó rin gbingbin ò lè dún. Ni mo bá wọ aṣọ owó ẹyọ fún akèrègbè bàbá yín. Ó dùn ju tèmi lọ!

Ìkọ́kọrẹ́ wà lórí ààrò. Bínú bá ń bí yín, ẹ wá bá mi jà lójúde ọjà. Bàbá yín ò jó lẹ́ẹ̀kan rí títí wọ́n fi fi ayé sílẹ̀, àmọ́ lónìí, wọ́n á mú gbogbo Ìpẹru jó.

Mọ́rọ́nfọ́lá