Orúkọ Tí A Kì Í Pè Lójú Omi: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Torquil Beaton (1946–2021)

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, Bàbá Torquil Beaton pe orúkọ ẹja kan nínú ọkọ̀ lójú omi, ohun tí bàbá tó bí wọn lọ́mọ kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe láyé wọn, iléeṣẹ́ ọlọ́sìn ẹja sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Loch Aradal, apá òkun tó wọ ìlú wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá bá wa sin wọ́n ti gbọ́ ọ lóríṣiríṣi. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni àwa ẹbí kọ síbí. Ẹ má retí ọ̀rọ̀ dídùn.

A bí wọn ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 1946, ní Aradal, nínú ilé tó sún mọ́ etí omi jù lọ. Hector Beaton ni bàbá wọn, apẹja tó ti ìhà ìlà-oòrùn Scotland wá dẹ àwọ̀n sí ẹnu odò wa. Oighrig MacRae ni ìyá wọn, ọmọ bíbí Aradal. Ọmọ méjì péré ni wọ́n bí: Torquil, àti Lachlan tó dé ní ọdún 1949. Hector mú òfin kan wá láti ìlú rẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹja tí wọ́n ń pa. “Ẹja pupa” ni kí ó máa pè é. Bí ẹnu ẹnikẹ́ni bá ṣì í, gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ di irin mú kíá, kí aburú lè kọjá. Orí ilẹ̀ la ti ń kọ èyí, nítorí náà a lè kọ ọ́: sámọ́nù ni ẹja náà.

Bàbá Torquil bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Aradal ní ọdún 1951. Wọn kì í lè jókòó. Olùkọ́ wọn máa ń ní, “Torquil, ṣé èèrà wà lórí àga rẹ ni?” Wọ́n á jókòó díẹ̀, wọ́n á tún dìde lọ wo odò lójú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n wọ ọkọ̀ òkun akẹ́rù ní Glasgow, wọ́n bá a lọ.

Òkè òkun ni wọ́n wà ní ọdún 1964 nígbà tí omi gbé Hector lọ. Àlejò kan láti ìlú ńlá bẹ Hector pé kí ó jẹ́ kí òun wo bí wọ́n ṣe ń fa àwọ̀n. Bí àwọ̀n ṣe jáde, àlejò náà nawọ́ sí i, ó ké pé, “Ẹ wo sámọ́nù!” Hector àti Lachlan sáré di irin mú. Àlejò rẹ́rìn-ín wọn. Kó tó di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ yí, ọkọ̀ sì dojú dé. Àlejò náà yè. Lachlan, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, di ìdí ọkọ̀ mú títí àwọn ará ìlú fi dé. Hector kò yè. Wọ́n ti sin ín tán kí ìròyìn tó bá Bàbá Torquil ní èbúté tí wọ́n wà. Wọ́n padà wálé, wọn kò sì wọ ọkọ̀ akẹ́rù mọ́. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń rìn kiri etí omi ní gbogbo òwúrọ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọ nù.

Wọ́n gbé Effie Nicolson, ọmọ erékùṣù Skye, níyàwó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973. Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àwọn èèyàn ń jẹ ẹran àgùntàn àti ọ̀dùnkún, ọkọ ìyàwó ti sá lọ wo bóyá ẹja ti ń gun odò. Ìyàwó ló lọ mú wọn wálé pẹ̀lú aṣọ funfun tí ẹrẹ̀ ti bà jẹ́.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ra ọkọ̀ kan, wọ́n sọ ọ́ ní Oighrig, orúkọ ìyá wọn. Àwọn méjèèjì ló ń pa ẹja náà, Lachlan nídìí ọkọ̀, Bàbá nídìí àwọ̀n, wọn kò sì pe orúkọ rẹ̀ lójú omi rí. Nígbà tí ẹja dín kù, àwọn fúnra wọn fa àwọ̀n wọn sókè ní ọdún 1994, wọn kò dẹ ẹ́ mọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Lachlan bẹ̀rẹ̀ sí í pa alákàn àti edé, Bàbá sì ń bá ìjọba ìbílẹ̀ tún ọ̀nà ṣe.

Ní ọdún 1996 ni iléeṣẹ́ ọlọ́sìn ẹja dé, ó so àgò ńláńlá aláwọ̀n mọ́ àárín omi wa, ó kó sámọ́nù kún inú wọn bí adìyẹ. Níbi tí ẹja bá ti pọ̀ lójú kan báyẹn, iná ẹja, kòkòrò tó ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, á máa bí sí i. Àwọn ọmọ ẹja tí ẹnikẹ́ni kò sìn, tó ń ti odò bọ̀ wá sínú òkun, ẹ̀gbẹ́ àgò yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà. Wọn kò tíì tó ìka èèyàn ní gígùn. Iná á bò wọ́n, á jẹ awọ wọn dé egungun.

Bàbá dá Ẹgbẹ́ Olùṣọ́ Odò Aradal sílẹ̀ nínú ilé ìdáná wọn. Àwọn ará ìlú lásán ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, ìjọba kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà ìrúwé, wọ́n á fi àwọ̀n kékeré kó àwọn ọmọ ẹja lẹ́nu odò, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á tún jù wọ́n sómi. Bàbá ń kan ilẹ̀kùn kiri títí ó fi sú àwọn èèyàn. Ina Gillanders tó ni ṣọ́ọ̀bù, tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nídìí àgò, sọ fún wọn lójú gbogbo èèyàn pé, “Torquil, tíì rẹ rèé, búrẹ́dì rẹ rèé. Ọmọ mi ń jẹun níbẹ̀. Máa lọ.” Wọ́n gba búrẹ́dì, wọ́n ní, “Ina, odò náà ń kú.” Ina ní, “Ọmọ mi ò tíì kú ní tiẹ̀.” Kò purọ́, Bàbá náà kò purọ́.

Ní ọdún 2001, iléeṣẹ́ náà fẹ́ fi àgò kún àgò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá, Lachlan fi Oighrig gbé wọn lọ wo ibẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ lójú ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n bi Bàbá pé ẹja wo ni iná ń jẹ. Ojú omi ni wọ́n wà, nítorí náà Bàbá dáhùn pé, “Ẹja pupa.” Ẹja mìíràn wà ní ibú òkun jíjìn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìjọba dájọ́ pé ẹja tí ẹlẹ́rìí sọ kò sí ní Aradal rárá, àti pé ẹ̀rí rẹ̀ kò wúlò. Bàbá kọ̀wé, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Inverness, wọ́n ṣàlàyé títí. Ìjọba ní àsìkò ti kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìdí àgò bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Torquil Ẹja Pupa. Wọ́n á kí wọn bẹ́ẹ̀ láti inú ọkọ̀ wọn, wọ́n á fun fèrè. Bàbá kò sùn dáadáa mọ́. Wọ́n á jẹun lórí ìdúró, wọ́n á gbé ife tíì lọ sétí omi, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Títí di òní la ṣì ń rí ife nínú iyanrìn.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2009 ni ìjọba tún wá, nítorí ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ náà ti fẹ́ parí. Lọ́yà iléeṣẹ́ wà nínú ọkọ̀ Oighrig pẹ̀lú wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò, Bàbá fi àwọ̀n gbé ọmọ ẹja kan sókè, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni gbé omi. Iná ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Lọ́yà na ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ sí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Bàbá, ẹja wo nìyí? Ẹ sọ ọ́ kí ẹ̀rọ gbọ́.”

Bàbá ní, “Ẹja pupa.”

Lọ́yà ní, “Ẹ ṣé. Bíi tọjọ́ sí.”

Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Orúkọ tó wà nínú òfin nìkan ni mo lè gbà.”

Lachlan sọ̀rọ̀ láti ìdí ọkọ̀. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká padà sí èbúté. Ẹ lọ sọ ọ́ lórí ilẹ̀.”

Bàbá ní, “Lachlan, orí ilẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ́ láti ọdún mẹ́jọ.”

Wọ́n wá wo ẹ̀rọ náà, wọ́n ní, “Sámọ́nù ni.”

Lachlan di irin mú. Bàbá kò lè dì í mú, ẹja wà lọ́wọ́ wọn.

Kò sí afẹ́fẹ́ tó yí. Wọ́n gúnlẹ̀ láyọ̀. Lachlan so okùn ọkọ̀, ó kó bàtà òjò àti ọ̀bẹ rẹ̀ jáde, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí ìjókòó. Ó ní, “Ẹ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dojú dé, Bọ̀ọ̀dá.”

“Lachlan, kò sẹ́ni tó kú.”

“Ẹ ò sí níbẹ̀.”

Ìjọba kò fún iléeṣẹ́ náà níwèé àṣẹ mọ́. Ní ọdún 2011 wọ́n fa àgò tó kẹ́yìn lọ. Ọmọ Ina ríṣẹ́ sí Mallaig, kò padà wálé gbé mọ́. Ẹja ti ń gun odò wa, kì í ṣe bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ń gùn ún. Lachlan fẹ́ kí àgò lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe fẹ́. Lórí ilẹ̀, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀dùnkún. Ṣùgbọ́n kò wọ ọkọ̀ pẹ̀lú wọn mọ́. Bàbá kò sì gba ẹlòmíràn sídìí Oighrig. Wọ́n fà á gun orí ilẹ̀, wọ́n ń kùn ún lọ́dọọdún, wọn kò tì í sómi mọ́.

Ní ti ìgbàgbọ́, ọmọ ìjọ ni wọ́n títí dọjọ́ ikú, ìjókòó ẹ̀bá ilẹ̀kùn sì ni tiwọn. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n á yọ́ jáde lọ sétí odò, wọn kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Alàgbà kan bi wọ́n pé, “Torquil, ṣé o ti di ẹja ni?” Wọ́n ní, “Alàgbà, ẹja kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì rárá. Èmi wá.”

Wọ́n sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá ọdún 2021, wọn kò jí. Wọ́n fi Effie aya wọn sílẹ̀ lókè eèpẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn, Seonaid àti Alasdair, àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Mirren, Fergus àti Una, pẹ̀lú Lachlan àbúrò wọn.

Gẹ́gẹ́ bí àṣà Aradal, ojú omi la ó gbé wọn gbà lọ sí ibojì tó wà ní òdìkejì. Oighrig ni yóò gbé wọn. Effie lọ bẹ Lachlan pé kí ó wá wa ọkọ̀ náà. Lachlan ní, “Ìyàwó wa, màá di okùn tí a ó fi sọ pósí wọn sí ibojì mú níbi orí. Ó tọ́ sí mi. Ọkọ̀ yẹn ni mi ò ní wọ̀.” Alasdair ni yóò wà á. Òwúrọ̀ kùtù ni Lachlan yóò ti kúrò nílé, yóò fẹsẹ̀ yí etí omi po, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, lẹ́ni ọdún méjìléláàádọ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń wa mọ́tò bọ̀, tí ẹ bá rí i lójú ọ̀nà, ẹ má wulẹ̀ dúró. Ó ti kọ̀ fún wa.

Ẹ sùn ire, Bàbá. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ wàyí. Àbúrò yín ń bọ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn.