Ọmọńlé Tí Kò Fẹ́ Jẹun Lọ́wọ́ Mi

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi (ẹyọ kan péré ni tèmi),

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún yẹn ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Àbúrò rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ tuntun ńkọ́? Ẹlẹ́rìn-ín tí ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó wà dáadáa, torí ẹ̀ẹ̀mẹfà ni orúkọ rẹ̀ wọ inú lẹ́tà rẹ tó kọjá. Mo kà á. Tèmi wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lára àpò ìwé.

Ara tèmi le, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ Alága, ọmọńlé rẹ, ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Díẹ̀ ló kù kó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí o ti gbé báàgì jáde, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, kò fi ẹnu kan nǹkan kan. Mo tan iná tó máa ń yá, mo da ìrẹ̀ sínú àpótí onígíláàsì rẹ̀. Ìrẹ̀ ń gùn ún lẹ́yìn, òun ń wo ẹnu ọ̀nà. Dókítà ẹran ní kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n máa ṣọ́ ìrù rẹ̀, pé ibẹ̀ ló ń tọ́jú ọ̀rá sí. Bí ìrù bá ti rù, kí n má fi ṣeré. Ìrù ọ̀hún ti di pẹ́ńsù.

Kí n má purọ́ fún ọ, àánú kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe mí. Owú ni. Èmi ni mò ń nu àpótí, èmi ni mò ń pààrọ̀ omi, ìwọ tí o fi í sílẹ̀ lọ ló wá ń dárò.

Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi ọ́ bí o ṣe máa ń fún un lóúnjẹ. O ní: "Owo ni ki o maa fi fun un." Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀! Ìwọ tí o máa ń bá gbogbo ilé ìtẹ̀wé yìí jà, ìwọ tí o jẹ́ kí n tú okùn ogójì ìwé tí mo ti rán, nítorí àmì kan péré! Bóyá Ẹlẹ́rìn-ín ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín nígbà tí o ń kọ ọ́.

Èmi kà á sí ọwọ̀, ìgbálẹ̀. Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, mo fi okùn ìránwé so ìrẹ̀ mọ́ ọn lórí, mo nà án sí i. Alága sá bọ́ sẹ́yìn òkúta, kò jáde títí di ọjọ́ kejì. Mo gbé fóònù lọ síbi iṣẹ́. Baba tó ń yí ẹ̀rọ wọ awò ojú, wọ́n ní, "Ọ̀wọ̀ ni, ọmọ mi. Ẹni tí o ń pè ní Alága, ṣé ìdúró lo fi ń gbé oúnjẹ fún un?" Ọ̀rẹ́ mi, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o, Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun." Ó fi ahọ́n lá ẹyinjú ara rẹ̀, ó sì yí orí padà.

Ní ọjọ́ Ajé ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ kejì dé: pé bí kò bá tíì jẹun di Sátidé, Ẹlẹ́rìn-ín yóò wá gbé e, torí ọwọ́ rẹ̀ dára sí ẹranko. Lórí èyí, o fi àmì sí i. Ọwọ́! Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Inú bí mi dé góńgó. Kó gba ọ̀rẹ́ mi, kó tún wá gba ọmọńlé? Kò jẹ́ ṣẹlẹ̀.

Mo délé, mo fẹ́ fọ gọ́ọ̀mù ìwé kúrò lọ́wọ́. Ọṣẹ mi ti tán, mo bá mú tìrẹ tí o gbàgbé sójú fèrèsé balùwẹ̀, èyí tó ń rùn bí èèpo ọsàn. Mo gbé ìrẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́, mo ti ọwọ́ bọ inú àpótí. Alága yọ́ jáde. Ó fi ahọ́n kan ìka mi, ó tún kàn án, ó gun ọrùn ọwọ́ mi, ó sì gbé ìrẹ̀ mì. Mẹ́ta ló jẹ! Mo kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí ará yàrá kejì fi gbá ògiri.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ òórùn ọwọ́ mi. Ìwọ ni. Lọ́jọ́ kejì mo fi ọṣẹ mìíràn dán an wò, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Owú náà tún dé, ṣùgbọ́n mi ò lè bá a wí. Èmi náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń gbóòórùn ọwọ́ yẹn pẹ́ kí n tó lè dìde.

Nítorí náà, sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín pé kó jókòó jẹ́ẹ́. Bá mi kí Màmá àti àbúrò rẹ. Baba ẹ̀rọ ní kí n kí ọ, wọ́n ní láti ìgbà tí o ti lọ ni àmì ohùn ti ń ṣìnà nínú ìwé wa. Kí Ẹlẹ́rìn-ín náà, ṣùgbọ́n má kí i jù.

Ọṣẹ rẹ kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ mọ́. Ó lè tó di Sátidé. Má fi òmíràn rán ẹnikẹ́ni sí mi o. Ìwọ gan-an ni kí o mú un wá, àwa méjèèjì ló ń wo ẹnu ọ̀nà.

                                        Tìrẹ ni mí síbẹ̀,
                                        Alábẹ́rẹ́.