Bátìrì inú búùtù

Ọjọ́bọ̀

Lẹ́yìn tí wọ́n jí bátìrì ọkọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kí Délé, oníwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, gbé tuntun sínú búùtù. Ó dè é mọ́lẹ̀, ó fi rọ́bà bo orí rẹ̀. "Tíṣà, ẹ ò gbọdọ̀ gbé epo síbẹ̀ mọ́ o, bátìrì lè ta iná sí i." Mo ní mo ti gbọ́.

Lónìí a rí epo rà ní Oǹdó níkẹyìn. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sínú búùtù bí mo ti máa ń ṣe. Òórùn epo ń rùn títí dé Àkúrẹ́; mo kàn ní kí ìyàwó mi ṣí fèrèsé ni.

Mo ṣí búùtù nílé. Kẹ́ẹ̀gì ti ṣubú lu bátìrì, rọ́bà ti yọ, epo ti rin gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Ọmọ wa ṣì ń sùn níjòókòó ẹ̀yìn.

Ìyàwó mi bèèrè ohun tó ń ṣe mí. Mo ní ebi ni.