Ọkọ̀ Tí Mo Gé Lẹ́sẹ̀ Kò Jẹ́ Kí N Wálé Iléyá

Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ kú ojú tí ẹ ń fi sọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Ọ̀wọ̀ níbí. Mo kí Ìyá Àgbà pé ẹ̀yìn kò ní í ro wọ́n o. Kí Sìkírá àbúrò mi ka lẹ́tà yìí sókè láti orí fóònù rẹ̀. Ojú ìwé àwọn ọmọ Ṣakí ni mo gbé e sí, kí àwọn tó ní mo sá nílé lè rí i kà.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ dáadáa. Láti Ùsò títí dé Ẹlẹ́gbẹ̀ka, kò sí ọkọ̀ tó ń rìn tààrà tí kì í ṣe ọwọ́ mi ló tọ́ ọ. Ọkọ̀ tó bá rí mi lójú títì á kọ́kọ́ tẹrí ba kó tó kọjá. Àwọn awakọ̀ ajagbe ń fi orúkọ mi gbàdúrà. Láti ìgbà tí mo sì ti kúrò nílé, ẹ̀kán omijé kan kò tíì bọ́ lójú mi. Ojú mi gbẹ bí èèpo ẹ̀pà.

Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Múfú tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ wà. Aláínmẹ́ǹtì ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn títọ́ táyà kí ọkọ̀ lè máa rìn tààrà, ṣùgbọ́n wọn kì í lo ẹ̀rọ. Okùn la máa ń ta láti táyà ẹ̀yìn dé táyà iwájú, a ó wá máa yí irin abẹ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí táyà á fi bá okùn mu. Àwọn èèyàn ibí dáa. Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ bú mi ni wọ́n ń bọ́ sínú ti Ọ̀wọ̀, èmi á sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n yìn.

Ohun tó dè mí mọ́lẹ̀ rèé. Bọ̀dá Dáre, tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ láti oko ìyá wọn ní Ẹlẹ́gbẹ̀ka wá sí Ọ̀wọ̀, ní àwọn fẹ́ kí ọkọ̀ àwọn lọ sílẹ̀, kó máa fàyà gbálẹ̀ bíi tàwọn ọmọ olówó. Ọ̀gá ní ọ̀nà oko àti ọkọ̀ kúkúrú kì í ṣe ọ̀rẹ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Mo gé sípíríngì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ kí ọba. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti lọ sílẹ̀ báyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yà, orí táyà á tẹ̀ sínú. Mo ta okùn, mo tọ́ ọ, ó rìn tààrà. Mo jó yí i ká.

Kò pẹ́ tó fi padà. Inú táyà ti jẹ bí ẹni fi abẹ fá a, sítíárìn sì ń fà sápá òsì bí ewúrẹ́ tí wọ́n so. Mo tún un tọ́. Ó tún padà. Ọ̀gá wá pè mí, wọ́n ní, "Ráfíù, ìwọ lo gé ẹsẹ̀ ẹ̀. Títí ọkọ̀ yìí á fi rìn tààrà, o ò lọ sílé Iléyá kankan."

Màámi, gbogbo Ọ̀wọ̀ wá kéré lójú mi bí àgò adìẹ. Bí mo bá rí mọ́tò tó ń lọ sápá Ìbàdàn, mo máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnì kan so àgbò ọdún mọ́ ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù wa. Èmi àti àgbò yẹn jọ máa ń wo ara wa ni.

Mo ní kí Bọ̀dá Dáre gbé mi dé Ẹlẹ́gbẹ̀ka, kí n rí ohun tí wọ́n ń fi ọkọ̀ náà ṣe. Nígbà tí a ń bọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún àga iwájú dé òrùlé, ẹ̀gẹ́ kún búùtù, ìyá wọn sì jókòó tì mí lẹ́yìn, lápá òsì. Ìyá náà tóbi débi pé bí wọ́n bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilé kan, ẹ̀gbẹ́ kejì á gbéra. Òjò ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀. A bọ́ sínú kòtò tí táyà ajagbe gẹdú gbẹ́ sójú ọ̀nà, àyà ọkọ̀ gúnlẹ̀ sórí ebè àárín, ilẹ̀ sì dí gbogbo ìlẹ̀kùn pa. Bọ̀dá Dáre gba ojú fèrèsé wọn jáde lọ wá ẹni tó máa fà wá. Mo fẹ́ tẹ̀lé wọn. Ìyá di ṣẹ́ẹ̀tì mi mú.

Wọ́n ní, "Ọmọ Ṣakí, ibo lò ń lọ? Ìwọ lo gé ẹsẹ̀ ọkọ̀, a jọ máa jókòó sínú ẹ̀ ni. Àbí kó o kúkú gé ẹsẹ̀ tèmi náà, kí èmi àti ọkọ̀ lè dọ́gba."

A jókòó. Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Èémí wa bo gíláàsì, mi ò rí ìta mọ́. Ìyá bi mí pé Iléyá ń bọ̀, ìyá mi ńkọ́. Bí mo ṣe ní kí n dáhùn, òrùlé ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò sí mi lójú. Ó jò dé àgbọ̀n mi. Ìyá fi etí ìró wọn nù mí lójú.

Ibẹ̀ ni mo ti rí bí ọkọ̀ ṣe tẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ wá yé mi. Òfìfo ni mo máa ń tọ́ ọkọ̀ náà, ẹrù ló sì ń gbé rìn. Nígbà tí wọ́n fà wá jáde, mo ní kí a gba ṣọ́ọ̀bù lọ tààrà, kí ẹnikẹ́ni má sọ ẹrù. Mo bẹ ìyá pé kí wọ́n má sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń jẹ bọ̀ọ̀lì, mo sì ta okùn mi. Àwọn tó kírun tán yà wá wòran, wọ́n ń bi wá pé ṣé ọkọ̀ là ń tọ́ ni àbí ìyá. Ìyá ní àwọn méjèèjì ni, kí wọ́n jẹ́ kí n ráyè ṣe é.

Ọkọ̀ yẹn ti ń rìn tààrà, Màámi. Ọ̀gá yọ̀, wọ́n sọ ọ́ kiri, ibẹ̀ ni mo sì tún kó sí. Àwọn tó fẹ́ gé ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí ọdún tó dé ti tò sẹ́nu ọ̀nà wa. Ọ̀gá ní ta ni kí àwọn fi ṣe é bí mo bá lọ. Wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ọdún.

Nítorí náà, ẹ má wo ọ̀nà mi lọ́jọ́ Iléyá. Ẹ bá mi yan ẹran díẹ̀ pa mọ́, kí Sìkírá má sì sọ pé ológbò ló jẹ ẹ́. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, á jẹ́ kí ẹ jẹ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, tọmọdé tàgbà.

Ti pé ọkọ̀ ń tẹrí ba fún mi yẹn, òótọ́ ni. Ọkọ̀ tí mo ti gé sípíríngì ẹ̀, kí ló tún lè ṣe? Ti ojú gbígbẹ yẹn ni mo parọ́. Òrùlé ọkọ̀ Bọ̀dá Dáre kò jò, Màámi.

Èmi ni ọmọ yín,
Ráfíù