Ìyá Òṣùwọ̀n: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Díákónì Lemuel Thrall

A bí olóògbé Lemuel Thrall ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún 1798, ní ìlú Harlow Falls ní etí odò Connecticut. Asahel Thrall, alágbẹ̀dẹ, ni baba rẹ̀. Thankful Loomis ni ìyá rẹ̀. Ìgbà òtútù mẹ́fà péré ni ó fi lọ sí ilé ìwé, nítorí iṣẹ́ oko kì í jẹ́ kí ọmọ ráyè nígbà ooru.

Ní ọdún 1819, ó wọ ilé iṣẹ́ ìbọn ológun. Ní ọdún 1822, ó gbé Mehitable Clapp níyàwó. Ní ọdún 1835, wọ́n fi í ṣe olórí àwọn olùyẹ̀wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ẹ̀yà ìbọn kan lè wọ inú ìbọn mìíràn láìfi ayùn kàn án, kí ọmọ ogun lè fi òmíràn rọ́pò èyí tí ó bàjẹ́ lójú ogun. Èyí tí ó bá yege nìkan ni ó ń gba òǹtẹ̀ L.T.

Ó ṣe díákónì fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò sì pẹ́ dé ìsìn rí. Nígbà tí odò gbé afárá ìlú lọ ní ọdún 1854, òun ni ó ṣáájú àwọn tí ó kọ́ tuntun.

Ní ọdún 1842, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Ní ọdún 1844, wọ́n dá a padà sípò. Àwọn kan ti sọ ìdí rẹ̀ lódìlódì. Nítorí náà ni ẹbí ṣe fi òtítọ́ rẹ̀ parí ìwé yìí.

Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, ọdún 1872. Aya rẹ̀ wà láyé, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, Asahel, Prudence, Electa àti Horace, àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá. Cornelius Meehan, tí ẹ ó gbọ́ nípa rẹ̀ báyìí, wà lára àwọn tí yóò gbé pósí rẹ̀ lónìí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1842, ọ̀gágun kan wá dán ilé iṣẹ́ náà wò. Wọ́n da ẹ̀yà ìbọn mẹ́wàá pọ̀ lórí tábìlì, wọ́n sì ní kí a tò wọ́n padà. Ayùn kò gbọdọ̀ sí nítòsí. Òòlù kékeré tí ń yin ìbọn ni ó kọ̀: méje nínú mẹ́wàá kò wọ orí ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀gágun fi òṣùwọ̀n tirẹ̀, irin kan tí a ń tì bọ ihò, wọn ihò wọn. Ihò náà fún jù.

Meehan, ará Ireland, ni ó gbẹ́ wọn. Alábòójútó, Ọ̀gbẹ́ni Rufus Bascom, kígbe mọ́ ọn níwájú gbogbo òṣìṣẹ́:

“Meehan, ṣé ṣíbí lo fi ń gbẹ́ ihò ni? Àbí ọ̀dùnkún nìkan lẹ mọ̀ ọ́n gbẹ́ nílé yín?”

“Ọ̀gá, òǹtẹ̀ wà lára wọn o. Ẹ wò ó.”

“Ẹ̀yìn òǹtẹ̀ lo pààrọ̀ wọn! Kó ẹrù rẹ. Mi ò gbọdọ̀ bá aya rẹ nínú ilé tí a fi yín sí lọ́la.”

“Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi, ọ̀gá! Díákónì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.”

Olóògbé ìbá dákẹ́, orúkọ rẹ̀ ìbá mọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú ìyá òṣùwọ̀n jáde, irin kan ṣoṣo tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò gbogbo òṣùwọ̀n ìyókù. Òfin ni pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kí a máa lò ó. Ó tì í bọ ihò òòlù Meehan: ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó ti òṣùwọ̀n ọ̀gágun bọ ihò kan náà: kò wọlé. Ó kọjú sí alábòójútó.

“Ọ̀gbẹ́ni Bascom, ẹ fi ọkùnrin yìí sílẹ̀. Ọdún méje ni mo fi ń lo ìyá òṣùwọ̀n lójoojúmọ́, nítorí mo rò pé ọmọ òṣùwọ̀n kéré sí mi. Irin náà ti gbó, ó ti tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀, mi ò sì mọ̀. Òun ni mo fi tún òṣùwọ̀n tí Meehan ń lò ṣe. Ohun tí mo fún un ló gbẹ́. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́: Lemuel Thrall.”

Máa sinmi, Bàbá wa.