Ìyá Àgbà Tó Pè Wá Láti Wales

Mọ́mì mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti Peckham ní London. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gba oorun lójú yín.

Iléeṣẹ́ wa ló ń dá àwọn arúgbó tí ara wọn ò yá lóhùn tí wọ́n bá pè lórí fóònù. Òfin ní ẹni tó bá fi Welsh, èdè àwọn ará Wales, pè wá, èdè yẹn la gbọ́dọ̀ fi dá a lóhùn. Lọ́jọ́ Tuesday, ìyá àgbà kan fi Welsh pè. Ó yẹ kí n fà á lé ẹni tó gbọ́ èdè náà lọ́wọ́, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí. Mo ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, English ni kẹ́ ẹ sọ." Ó pa fóònù. Mo pè é padà lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e.

Ọ̀gá mi ní, "Hameedah, lọ́jọ́ Monday a máa jọ gbọ́ ìpè yẹn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀. Mú ìwé visa ẹ dání." Ẹ sì mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ló gbé visa mi dúró. Mo bi í bóyá ara ìyá náà ti yá. Ó ní kí n padà sídìí fóònù mi.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti Nusaybah. Tẹ́ ẹ bá ń ṣàdúà fún mi, ẹ fi ìyá yẹn kún un. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ pè, ṣùgbọ́n Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.

Ọmọ yín,
Hameedah